Èènì Láti Ilẹ̀ Ṣáínà

Ìyá mi kì í ra nǹkan láìgba èènì. Bó bá ra gààrí, á dúró ti onígààrí títí yóò fi bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bó bá ra ẹja, ó di dandan kí ọmọ ẹja kan tẹ̀ lé e délé. Mo ti rí i tó ní kí télọ̀ fi aṣọ tó ṣẹ́kù rán fìlà fún ọmọ-ọmọ òun. Mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó béèrè èènì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́ tán. Àwàdà nìyẹn o, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní òwú kún òwú.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú máa ń tì mí. Mo máa ń fa ìró rẹ̀ pé ká máa lọ, kí àwọn èèyàn má baà máa wò wá. Lọ́jọ́ kan ló yíjú sí mi láàárín ọjà. Ó ní, "Ìwọ rò pé ìwọra ni? Ẹni tó bá bu èènì fún ẹ, ohun tó ń sọ ni pé kó o padà wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ rójú ẹ mọ́ ni kì í bù ú." Mi ò fa ìró rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ṣì ń tì mí díẹ̀díẹ̀.

Ata ló ń tà ní ọjà Mile 12, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí di òní. Alhaja ni gbogbo ọjà ń pè é. Ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀m̀bọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń rà lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀ bí tírélà bá ti ń ti òkè Ọya dé. Ṣùgbọ́n ata tútù kì í dúró de èèyàn. Bí òjò bá rọ̀ tí oníbàárà kò jáde, ata á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, á máa ṣomi, kó tó di ọjọ́ kẹta orí ààtàn ló kù. Ìyá mi máa ń sá ìwọ̀nba tó bá lè sá lórí páànù ilé wa ní Ikosi. Ẹ̀yin náà sì mọ irú oòrùn tó ń ràn nígbà òjò: á yọjú, á tún sá lọ. Ata á bu kó tó gbẹ. Mo ti rí ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ lórí ata bíbu, tó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì lè rí èyí tó dáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, kò fẹ́ kó máa ta ata mọ́. Ó ti kọ́lé sí Iṣẹri Olowora, ó sì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà. "Mummy, orúnkún ń dùn yín. Ẹ wá sinmi. Ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa bá àwọn ọmọ ṣeré." Ìyá mi á ní kó jẹun. Tó bá jẹun tán, á ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kó máa lọ.

Ìyá alálùbọ́sà, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi, ló fi fídíò kan hàn án lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni, ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó ní ilẹ̀kùn, tíréè onírin alásẹ́ sì wà nínú rẹ̀ lórí ara wọn. Wọ́n to ata tútù sí i, wọ́n tan gáàsì sí i, nígbà tí wọ́n ṣí i, ata ti gbẹ ṣán-ún ṣán-ún, ó ṣì pupa fòò. Ìyá mi ní kí ó tún un tẹ̀ kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, kò jẹun kó tó pè mí. Ó ní, "Bá mi wá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yẹn."

Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, mo sì rí ọmọbìnrin kan tó ń tà á fún iléeṣẹ́ kan níbẹ̀. A ò rí ojú rẹ̀ rí. Àwòrán ológbò funfun ló fi síbi tó yẹ kí àwòrán rẹ̀ wà. Báyìí la ṣe ń bá a sọ̀rọ̀: Mummy á sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, fóònù á sọ ọ́ di èdè Ṣáínà, ọmọbìnrin náà á kà á níbi tó wà, á dáhùn, ìdáhùn náà á sì gba ọ̀nà kan náà padà wá sórí àga wa ní Ikosi. Nígbà àkọ́kọ́ tó kọ̀wé, ó pe ìyá mi ní àbúrò òun ọ̀wọ́n.

"Àbúrò ta ni?" ni ìyá mi wí. "Bi í bóyá ó mọ ọjọ́ orí mi."

Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé àgbàlagbà ni, Alhaja ni. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Mama.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé Mummy fẹ́ san owó fún ẹni tí kò rí rí, ó wakọ̀ wá láti Iṣẹri láì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ní, "Mummy, gbájúẹ̀ ni wọ́n! Wọ́n á gbowó yín, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tí ẹ bá tiẹ̀ rí i, Ṣáínkò ni. Ọjọ́ kejì ló máa bàjẹ́."

Ìyá mi gbé ojú sókè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. "Ṣáínkò. Ó dáa. Fóònù ọwọ́ ẹ ńkọ́? Bàtà ẹsẹ̀ ẹ? Fáànù tó ń fẹ́ ẹ yìí, níbo ló ti wá? Bútà tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, ẹní tí mo fi ń kírun, tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi, Ṣáínà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá mọ ohun tí mo fi ń ké pe Ọlọ́run, ṣé ohun tí mo fi máa sá ata ni wọn ò ní mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí nǹkan bá ti Ìlú Òyìnbó wá nìkan là ń pè é ní ojúlówó. Ẹni tó bá gbé nǹkan Ṣáínà wá sí kíláàsì, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi sunkún. Báyìí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń rìn láàárín ìsọ̀ ní Mile 12, wọ́n ń ná kábéèjì, wọ́n ń fi fóònù ṣírò. Ọ̀kan nínú wọn wà tó ti mọ "ó ti wọ́n jù" sọ. Bó bá ti sọ ọ́, gbogbo ìlà náà á pa ẹ̀rín, wọ́n á sì dín in fún un. Ayé ti yí po lójú wa, a ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó yí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí owó yẹn bá lọ, orí ìyá wa kò ní lè gbà á. Ìgbà náà ni ìyá mi sọ ohun tó mú kí n dìde lórí àga. Ó ní, "Ó dáa. Tí ẹ̀rọ yẹn kò bá dé kí a tó túnu ààwẹ̀ tó ń bọ̀, mo gbà. Màá fi ìsọ̀ mi fún ẹlòmíì, màá kó ẹrù mi wá sí Iṣẹri. Màá wá wo tẹlifíṣọ̀n." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń bá ọ̀gá báńkì ṣe àdéhùn. Mo mọ̀ pé ìyá mi kì í yẹ àdéhùn, mo sì mọ̀ pé bó bá joyè ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣàìsàn.

Nígbà tí a ná ọjà náà dópin, ọmọbìnrin náà dín owó kù fún wa, ó sì dín in dáadáa. Mo sọ fún Mummy.

"Mo gbọ́, mo dúpẹ́," ló wí. "Èènì ńkọ́?"

"Mummy, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in kù ni!"

"Ẹ̀dínwó yàtọ̀, èènì yàtọ̀. Ẹnu la fi ń dín owó. Ọwọ́ la fi ń bu èènì. Bi í."

"Ẹ̀rọ lẹ̀ ń rà o! Kí ni wọ́n á fi ṣe èènì ẹ̀rọ? Àbí kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀rọ kún un?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tó ń tà ló mọ ohun tó máa bù."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èènì fún ọmọ Ṣáínà yìí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ó béèrè pé ṣé Mama fẹ́ kí òun tún dín owó sí i ni? Mo ní rárá. Ó béèrè pé kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá mi sí i gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: ẹni tó bá bu díẹ̀ kún ohun tí mo rà, ohun tó ń sọ ni pé kí n padà wá. Fóònù fi hàn pé ó ń kọ nǹkan. Ó dúró. Ó tún ń kọ. Níkẹyìn, kò kọ ọ̀rọ̀ kan. Òdòdó pupa kan péré ló fi ránṣẹ́.

Ìyá mi gba fóònù náà, ó wo òdòdó náà dáadáa. Ó ní, "Ó ti gbọ́. Sanwó fún un."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ológbò funfun dákẹ́. Mo kí i, kò dáhùn. Mo béèrè ibi tí ẹrù dé, kò dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí fóònù mi wò nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́ ní Ogudu, tí ọ̀gá mi ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú wa, ó kàn ra bẹ́ẹ̀dì sí yàrá Mummy ní Iṣẹri. Ó tún ra kọ́tìnnì, ó sì fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi han Mummy, ṣé àwọ̀ náà wù ú? Inú bí mi sí i gan-an. Mi ò fi hàn án.

Ìyá alálùbọ́sà, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò lè wo ojú ìyá mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń ta ata rẹ̀ lọ. Bí mo bá ti wọlé, á béèrè, "Ọmọ mi ti kọ̀wé?" Bí mo bá ní rárá, á ní, "Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ èènì kì í sá."

Lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì, fóònù mi dún. Ológbò ni! Ó ní kí Mama má bínú. Ọdún tuntun wọn ni wọ́n ń ṣe, gbogbo iléeṣẹ́ ló tì pa, òun sì ti lọ sí abúlé lọ kí ìyá òun, níbi tí fóònù kò ti ń ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ Mama ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ó fi àwòrán kan kún un: ògiri ilé ìyá rẹ̀ ni, wọ́n fi okùn so ata pupa kọ́ sára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n ń sá a.

Mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì náà. Ẹni tó jókòó tì mí béèrè pé ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Ìyá mi di fóònù náà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ata!" ló wí. "Ata ni ìyá ẹ̀ náà ń sá! Ẹ wo bó ṣe so ó." Ó pe àwọn ará ilé jọ. Ó fi han gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló wo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìyá ẹ̀ ló lọ kí. Kò ní kí ìyá òun wá wo tẹlifíṣọ̀n."

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi dé Apapa, wọn ò tètè já ẹrù. Ẹni tó ń bá wa gba ẹrù ní èbúté ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni, ọ̀la náà kò sì dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀, mo rí i tí ìyá mi ń ka àwọn ìkòkò rẹ̀, ó ń ya àwọn tó máa kó lọ sí Iṣẹri sọ́tọ̀. Kò sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe nìyẹn. Mo wọ yàrá mi, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta kí a tó túnu ni ọkọ̀ akẹ́rù kan yà sí àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan, tó ń fun fèrè. Àpótí pákó ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn géńdé àdúgbò ló bá wa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá mi jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tòótọ́ ni mo ń sọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó dé kí wọ́n tó fi òòlù ṣí i tán, ó mú rìsíìtì dání, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá gbogbo nǹkan pé. Iṣẹ́ akọ̀wé ti wọ̀ ọ́ lára, kò lè bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ náà ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tíréè, ó ń kà á sókè. Mẹ́wàá la san owó fún, mẹ́wàá ló wà lórí rìsíìtì. Ó ka ìkẹwàá, ó gbé e lé orí ìyókù. Lẹ́yìn náà ló tún bojú wo inú ẹ̀rọ náà. Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì fa òmíràn yọ.

"Mọ́kànlá," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti ṣì í kà."

"Gbé e wá," ni ìyá mi wí.

Okùn pupa kan wà lára tíréè náà. Wọ́n ta á ní kókó, ó sì jọ kókó okùn tí wọ́n fi so ata kọ́ sára ògiri yẹn. Ìyókù kò ní okùn kankan. Ìyá mi fi ìka rẹ̀ kan okùn náà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí pákó àpótí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, Alhaja tó gbààwẹ̀, tí ẹnu ti gbẹ. "Ó gbọ́," ló ń wí. "Mo ní ó gbọ́. Alhamdulillahi. Ó gbọ́."

Àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo nàka sí okùn pupa náà, èmi náà ti ń sunkún, ti ayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kejì la tan gáàsì sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ká gbé e jìnnà sí fèrèsé ilé. A ò gbé e jìnnà. Òórùn ata gba gbogbo ilé, gbogbo wa ń sín, ayálégbé òkè ń sín, àdìyẹ tilẹ̀ sá kúrò ní àgbàlá. Ìyá mi ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà wò kó tó tó àkókò. Ata gbẹ. Ó gbẹ ṣán-ún, ó pupa fòò, bíi ti fídíò gẹ́lẹ́. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ológbò funfun. Ó ní òun ti fi han ìyá òun, ìyá òun sì ní ata gidi ni.

Lọ́jọ́ ìtúnu, ẹ̀gbọ́n mi kó ìyàwó àti ọmọ wá jẹ ìrẹsì. Ó ti kó gbogbo nǹkan inú bùútù ọkọ̀ rẹ̀ kúrò láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ẹrù Mummy, kò sì tíì kó nǹkan kan padà sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Ó mú ata kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ní, "Mummy, ẹ bù díẹ̀ fún mi, kí n mú un lọ sílé."

Ìyá mi bu ata kún nylon, ó gbé e lé e lọ́wọ́, kò sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. "Owó mi dà?"

"Mummy! Èmi ọmọ yín?"

"Ìwọ ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó máa bá mi ṣíjà ẹ̀rọ yìí. A kì í ṣíjà lọ́fẹ̀ẹ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀gbọ́n mi tọwọ́ bọ àpò agbádá, ó san owó, ó yíjú láti máa lọ.

"Dúró," ni ìyá mi wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ó fa tíréè tó ní okùn pupa jáde. Láti ọjọ́ náà di òní, ohun tó bá gbẹ lórí tíréè yẹn, kì í tà á. Ti èènì ni. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á lé ti inú nylon ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ọmọ kan nílé wa tí kò mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ta ẹnu nylon náà ní kókó, ó sì gbójú sókè.

"Mo gbọ́, Mummy," ló wí. "Màá padà wá."